Ánímè oníjà àti géèmù RPG: kí ló so wọ́n pọ̀, níbo ni wọ́n ti yà?

ỌmọÌsánlú

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Okun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tí ẹ ti pẹ́ nídìí géèmù.

Ọ̀rọ̀ ánímè (eré àwòrán ará Japan) oníjà àti géèmù RPG ni mo gbé wá, ìyẹn géèmù tí èèyàn ti ń tọ́ akọni kan láti kékeré títí yóò fi lè dojú kọ olórí àwọn ọ̀tá. Ẹni tó bá ti wo Dragon Ball Z, Naruto, Hunter x Hunter àti Solo Leveling tán, tó wá ṣí RPG fún ìgbà àkọ́kọ́, á rò pé òun ti dé ìlú náà rí. Akọni kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Á máa ja ìjà kéékèèké, ipò rẹ̀ á máa gòkè. Ẹni méjì mẹ́ta á dara pọ̀ mọ́ ọn, ọ̀gá ọ̀tá á sì yí àwọ̀ padà nígbà tí gbogbo wa rò pé ó ti kú.

Ìbéèrè mi rèé. Ta ló kọ́ ọ lọ́dọ̀ ta? Òfin wo nínú ánímè ló ṣe é gbára lé nínú géèmù? Èyí tó ṣe pàtàkì jù sí mi ni ẹ̀kẹta: nínú ánímè, ìgbà tí wọ́n bá lu akọni bolẹ̀ ni agbára rẹ̀ ń jáde. Nínú géèmù, bí HP (iye ẹ̀mí akọni) bá ti di òdo, ó parí. Kí wá ni ẹni tó mọ ánímè dunjú ń ṣe tí ọ̀gá ọ̀tá fi ń dá a padà lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin? Fóònù Android ni mo fi ń ta géèmù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ẹ̀gbọ́n_Kàbà

Okun, àbúrò. Jẹ́ kí n mú ti àkọ́kọ́, àwọn tó kù á bá ọ mú ìyókù.

Orí tábìlì ni nǹkan yìí ti ṣẹ̀, kò ṣẹ̀ lórí tẹlifíṣàn. Ní 1974 ni Gary Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà. Bébà, pẹ́ńsùlù àti dáìsì olójú púpọ̀ ni irinṣẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń ka ẹ̀mí akọni ní nọ́ḿbà, tí wọ́n ń ka ìrírí rẹ̀ bí ẹni ń ka owó, tí ìrírí náà bá sì pé iye kan, lẹ́fẹ́ẹ̀lì á gòkè. Ní 1981, Wizardry àti Ultima gbé irú eré yìí lọ sórí kọ̀ǹpútà. Yuji Horii, ará Japan, fẹ́ràn méjèèjì, ó sì ronú bí ọmọdé tí kò ní kọ̀ǹpútà ṣe lè ta irú rẹ̀ lórí Famicom, ẹ̀rọ géèmù inú ilé tí bọ́tìnnì rẹ̀ kò tó nǹkan. Òun ló di Dragon Quest, tí Enix gbé jáde ní 1986.

Ibi tí okùn ti so nìyí. Ẹni tó ya àwọn ẹ̀dá inú Dragon Quest ni Akira Toriyama, ẹni tó ń ya Dragon Ball nínú ìwé ìròyìn Weekly Shonen Jump láti 1984. Horii fúnra rẹ̀ náà ń kọ̀wé nípa géèmù nínú Jump yẹn kan náà. Ọmọ tó ń ka Dragon Ball lọ́sẹ̀ yìí ni ọmọ tó ń bẹ bàbá rẹ̀ kó ra Dragon Quest fún òun. Nítorí náà má ṣe wá olè láàárín wọn. Agbo ilé kan ni wọ́n ti dàgbà, wọ́n sì jọ ń jẹun nínú àwo kan.

Wo ọ̀gá ìkẹyìn inú Dragon Quest àkọ́kọ́ dáadáa. Dragonlord ni orúkọ rẹ̀. Bí o bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, oṣó tó wọ agbádá ni wàá rí. Á kọ́kọ́ sọ fún ọ pé kí ẹ jọ pín ayé sí méjì. Bí o bá gbà, géèmù bù ṣe. Bí o bá kọ̀, tí o bá a jà tí o sì ṣẹ́gun, á dìde padà ní dírágónì gidi. Kò sí ìsinmi láàárín ìjà méjèèjì: iye HP àti MP (agbára tí a fi ń sọ ọfọ̀) tó ṣẹ́ kù fún ọ lẹ́yìn ti oṣó ni wàá gbé lọ bá dírágónì. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn èyí ni Frieza, ọ̀gá ọ̀tá inú Dragon Ball, wá ń yí àwọ̀ padà lójú àwọn ọ̀rẹ́ Goku akọni lórí ayé Namek, ọwọ́ kan náà ló sì yà á. Ìdí tí ọ̀gá ọ̀tá olójú méjì fi ń bani lẹ́rù nínú méjèèjì jẹ́ ọ̀kan: o ti ná gbogbo ohun tí o ní sórí ojú àkọ́kọ́.

Ohun mìíràn tí ọ̀pọ̀ kì í kíyè sí ni ìdí tí méjèèjì fi ń fà gùn. Káàtíríìjì Dragon Quest àkọ́kọ́ kò ju kílóbáìtì 64 lọ. Àwòrán kan ṣoṣo tí ẹ fi ń ránṣẹ́ lórí WhatsApp lónìí lè ju ìyẹn lọ. Ayé inú rẹ̀ kéré, ohun tó sì ń sọ ọ́ di eré ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni pé o ní láti máa ja ìjà kéékèèké kí lẹ́fẹ́ẹ̀lì rẹ tó lè gòkè. Dragon Ball Z náà, tó bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣàn ní 1989, ń sáré tẹ̀lé ìwé tí Toriyama ṣì ń yà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bí wọn kò bá dẹsẹ̀, wọ́n á bá ìwé, kò sì ní sí ohun tí wọ́n á gbé jáde. Ìdí nìyẹn tí ìṣẹ́jú 5 tí Frieza ní ó kù kí Namek fọ́ fi di ọ̀pọ̀ ẹ̀písódù, tí wọ́n sì ń pariwo níbi tí wọ́n ti ń kó agbára jọ. Àìtó ni ìyá ìfàgùn nínú méjèèjì: ti géèmù jẹ́ àìtó àyè, ti ánímè jẹ́ àìtó ìtàn.

Ọ̀nà náà kò gba ẹ̀gbẹ́ kan lọ. Àwọn kan jókòó ta Dungeons & Dragons ní Japan, wọ́n sì ń kọ bí eré náà ṣe lọ sínú ìwé ìròyìn Comptiq láti 1986. Ìyẹn di ìwé ìtàn, ó sì di ánímè Record of Lodoss War ní 1990. Nígbà tó fi máa di 2012 tí Sword Art Online jáde, ánímè ti wọ inú géèmù lọ tán: ènìyàn 10,000 há sínú ilé olókè 100, ìlà HP sì wà lórí olúkúlùkù. Solo Leveling kò tiẹ̀ ti Japan wá, ìwé ìtàn Kòríà ni kó tó di ánímè ní 2024. Ṣùgbọ́n wo iṣẹ́ òòjọ́ tí wọ́n ń fún Jinwoo, akọni rẹ̀: kó fọwọ́ ti ilẹ̀ 100, kó dìde jókòó 100, kó lóṣòó dìde 100, kó sì sá eré kìlómítà 10. Bí kò bá ṣe é, ìjìyà ń bẹ. Géèmù orí fóònù pátápátá nìyẹn, ara èèyàn ni wọ́n gbé e wọ̀.

Àbíkẹ́_Mọ̀pà

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n mú ìbéèrè kejì, ìyẹn ti òfin, nítorí ibẹ̀ ni mo rò pé ìjọra wọn ti jinlẹ̀ jù, ju ọ̀rọ̀ àwọ̀ àti irun lọ.

Kì í ṣe gbogbo ánímè ló ní òfin tó ṣe é gbára lé. Ti Dragon Ball ni nọ́ḿbà. Raditz, ọ̀tá kan nínú rẹ̀, fi ẹ̀rọ ojú tí ń wọn agbára wo àgbẹ̀ oníbọn, ó rí 5. Frieza sọ pé tòun jẹ́ 530,000 láì tíì yí àwọ̀ padà rárá. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n nọ́ḿbà tí kò ní òrùlé kì í pẹ́ di asán, ìdí nìyẹn tí ìtàn náà fúnra rẹ̀ fi jáwọ́ nínú kíkà á lẹ́yìn Namek. Géèmù kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, ó ní láti ní òrùlé. Nínú Dragon Quest àkọ́kọ́ lórí Famicom, lẹ́fẹ́ẹ̀lì 30 ni òpin, ìrírí tí o nílò láti débẹ̀ sì jẹ́ 65,535. Iye yẹn kì í ṣe àṣàdédé o. Òun ni nọ́ḿbà tó tóbi jù tí báìtì méjì lè gbé. Ẹ̀rọ ló sọ pé ó tó.

Bí ẹ bá fẹ́ ánímè tí òfin rẹ̀ rí bíi ti RPG tó dára, Hunter x Hunter ni kí ẹ lọ wò. Ọ̀nà mẹ́fà ni Nen, agbára inú tí wọ́n fi ń jà níbẹ̀, pín sí, wọ́n sì tò ó yípo. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà àbímọ́ kan tó lè mọ̀ dé 100%. Ọ̀nà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, 80% ni. Tó tún jìnnà sí i, 60%, tó dojú kọ ọ́ gan-an, 40%. Ọ̀nà àrà ọ̀tọ̀, tí a kò bí mọ́ni, òdo ni. Àyẹ̀wò rẹ̀ rọrùn: ẹ bu omi kún ife, ẹ fi ewé kan lé e, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì yí i ká, kí ẹ rán agbára sí i. Bí omi bá pọ̀ sí i, agbára ara ni tirẹ. Bí ewé bá ń rìn, ìdarí ni. Bí omi bá yí adùn padà, ìyídà ni. Gon, akọni ibẹ̀, jẹ́ ẹni agbára ara, ẹ wo ìkúùkù mẹ́ta tó kọ́: òkúta jẹ́ agbára ara, 100%. Bébà jẹ́ ìjùsílẹ̀, sísọ́ọ̀sì jẹ́ ìyídà, 80% ni méjèèjì. Kò fọwọ́ kan ibi tó kù. Ọmọdé yẹn mọ bí a ṣe ń pín àmì ẹ̀bùn tí a fi ń kọ́ ọgbọ́n ìjà, ó ju ọ̀pọ̀ wa tó ń ta RPG lọ.

Ibi tó wọ̀ mí lára jù ni ti Kurapika, ọ̀rẹ́ Gon. Ẹ̀wọ̀n tó fi ń de àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Aláǹtakùn lágbára débi pé kò sí ẹni tó lè já a nínú wọn. Báwo ló ṣe rí i? Ó fi èèwọ̀ rà á. Ó ní àwọn yẹn nìkan ni òun á lò ó fún, bí òun bá lò ó fún ẹlòmíràn, kí òun kú, ó sì fi ẹ̀wọ̀n mìíràn sí ọkàn ara rẹ̀ láti mú ọ̀rọ̀ náà ṣẹ. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí oògùn àwọn bàbá wa ṣe ń ṣiṣẹ́, ṣé ẹ gbọ́? Oògùn tí kò ní èèwọ̀, ẹnu lásán ni. Bí èèwọ̀ bá ṣe le tó ni oògùn ń le tó. Àwọn tó ń ṣe géèmù mọ èyí: idà tí ń gé ẹ̀mí olówó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n máa ń fún ní agbára tó pọ̀, ìhámọ́ra tó wúwo jù sì ń dín eré ẹni tó wọ̀ ọ́ kù. Nígbà tí ẹ bá rí ohun ìjà tó lágbára ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ẹ ka àlàyé rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó gbé e wọ̀.

Naruto náà ní òfin tó mọ́. Iná borí afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ borí mànàmáná, mànàmáná borí ilẹ̀, ilẹ̀ borí omi, omi borí iná. Chakra ni MP: nígbà ìdánwò Chunin, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni Sasuke lè lo Chidori, ìkọlù mànàmáná rẹ̀, Kakashi olùkọ́ rẹ̀ sì lè lò ó lẹ́ẹ̀mẹrin. Kí ẹ wá wo géèmù RPG Genshin Impact lórí fóònù. Iná àti omi bá pàdé lára ọ̀tá, ọgbẹ́ á di ìlọ́po, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kẹ́yìn ló ń pinnu iye rẹ̀. Bí iná bá ti wà lára rẹ̀ tí omi wá bà á, ìlọ́po 2 ni. Bí omi ló ti wà tí iná wá bà á, ìlọ́po 1.5 ni. Ọ̀pọ̀ ń tò ó sódì, wọ́n á wá máa sọ pé akọni àwọn kò lágbára.

Ọmọ_Ọ̀wẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, kékeré ni tèmi. Ipò E dé S inú Solo Leveling, ipò mẹ́wàá inú Demon Slayer, gbogbo ẹ̀ dà bí oyè tiwa ní Kàbà. Igemọ, Ololu, Orota ni: ẹnì kan kì í ti ìta bọ́ sí Orota. Ibi tí Jinwoo ti yàtọ̀ nìyẹn. Ìgbà kan ni wọ́n ń wọn agbára àwọn ọdẹ tó kù, kì í pọ̀ sí i mọ́, òun nìkan ló ń gòkè. Nínú RPG, gbogbo ẹgbẹ́ ló ń gòkè pọ̀, àwọn ọ̀tá sì ń gòkè pẹ̀lú yín bí ẹ ṣe ń wọ ilẹ̀ tuntun.

Bọ̀dá_Ẹ̀gbẹ̀

Àbúrò Ìsánlú, ìbéèrè kẹta rẹ ni mo wá fún. Mo gbà pẹ̀lú àwọn tó sọ̀rọ̀ ṣáájú, ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ ìjọra jù. Nínú ánímè, òfin wà kí ọkàn akọni lè rí ohun fọ́. Nínú géèmù, òfin ni òfin.

Àpẹẹrẹ tó hàn jù ni Pikachu, ẹ̀dá mànàmáná, àti Onix, ẹ̀dá òkúta, nínú Pokémon. Nínú géèmù Pokémon àkọ́kọ́, ti 1996, mànàmáná kì í ran ẹ̀dá ilẹ̀ rárá. Kì í ṣe díẹ̀, òdo ni. Onix tí Brock, ọ̀gá àkọ́kọ́ tí o máa bá jà, kó wá wà ní lẹ́fẹ́ẹ̀lì 14, o lè rán mànàmáná sí i títí ilẹ̀ á fi ṣú, ìlà HP rẹ̀ kò ní mì. Nínú ánímè, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1997, omi tú jáde láti àjà, ó rin Onix gbingbin, mànàmáná Pikachu sì mú un. Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n ọmọ tó gbé e lọ sínú géèmù á sunkún. Ohun tí géèmù fẹ́ ni Squirtle (ẹ̀dá omi) tàbí Bulbasaur (ẹ̀dá ewéko): Onix jẹ́ òkúta, ó tún jẹ́ ilẹ̀, omi borí méjèèjì, ewéko náà borí méjèèjì, nítorí náà ìlọ́po 2 lọ́nà 2 ni, ìyẹn 4.

Ẹni tó mọ ánímè ń ṣàṣìṣe mẹ́rin níwájú ọ̀gá ọ̀tá. Màá fi Dragon Quest VIII ṣàlàyé, nítorí ó wà lórí Android, Toriyama ló ya àwòrán rẹ̀, o sì lè rí ánímè náà lójúkojú nínú rẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni pé wọ́n á máa lù ú lẹ́ṣẹ̀ lẹ́ṣẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nínú Dragon Quest VIII, àṣẹ kan wà tí ń jẹ́ Psyche Up. Bí akọni bá lò ó, kò ní lu ẹnikẹ́ni lẹ́ẹ̀kan yẹn, agbára ni yóò kó jọ. Àkọ́kọ́ á gbé e dé 5, èkejì 20, ẹ̀kẹta 50, ẹ̀kẹrin 100. Nígbà tó bá pé 100, irun akọni á dìde gan-an, ìmọ́lẹ̀ á yí i ká, bí ìgbà tí Goku ń di Super Saiyan. Ìyàtọ̀ rẹ̀ rèé: nínú ánímè, ọ̀tá máa ń dúró wo ẹni tó ń kó agbára jọ. Níbí, ìgbà mẹ́rin tí o kò lu ọ̀tá ni ọ̀tá fi ń lù ọ́. Nítorí náà, dúró ní 50. Ìgbésẹ̀ láti 50 sí 100 kì í ṣẹ nígbà gbogbo, pàápàá bí lẹ́fẹ́ẹ̀lì bá kéré, bí kò bá sì ṣẹ, o ti pàdánù ìgbà rẹ. Agbára yìí ń ran ọfọ̀ náà: ọfọ̀ kan tí Jessica, oṣó inú ẹgbẹ́ rẹ, sọ ní 50 ń gba MP iye kan náà pẹ̀lú èyí tó sọ lásán, ọgbẹ́ rẹ̀ sì ju ti lásán lọ fíìfíì. Ibẹ̀ ni a ti ń fi MP pamọ́. Kí o sì mọ̀ pé àwọn ọ̀gá kan ní ìgbì tí ń nu gbogbo agbára tí o kó jọ dànù. Bí o bá ti rí ọ̀gá kan lo ìgbì yẹn lẹ́ẹ̀kan, má ṣe kó o kọjá 20 mọ́ níwájú rẹ̀.

Èkejì ni ìwòsàn. Nínú ánímè, oníwòsàn ń dúró sẹ́yìn títí ẹnì kan á fi ṣubú. Má ṣe bẹ́ẹ̀. Wo ọgbẹ́ tó tóbi jù tí ọ̀gá ti fi lù ọ́ láti ìgbà tí ìjà bẹ̀rẹ̀, kí o sọ ọ́ di ìlọ́po 2, nítorí ọ̀pọ̀ ọ̀gá ń lu èèyàn lẹ́ẹ̀mejì nínú ìyípo kan. Bí HP ẹnikẹ́ni bá ti kéré sí iye yẹn, Angelo, oníwòsàn inú ẹgbẹ́ rẹ, gbọ́dọ̀ wò ó sàn nísinsìnyí. Jíjí òkú gba ìyípo kan, wíwò ó sàn gba òmíràn, ọ̀gá á ti lu yín lẹ́ẹ̀mẹrin kí ẹ tó tò.

Ẹ̀kẹta ni àmì ẹ̀bùn. Ọ̀nà márùn-ún ni akọni kọ̀ọ̀kan ní, 100 sì ni òpin ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àmì tí lẹ́fẹ́ẹ̀lì ń fún ọ kò ní tó láti kún gbogbo rẹ̀ láéláé. Ẹni tó bá fọ́n ọn ká ní 20, 20 á dé àárín géèmù láìní ohun kan tó mú. Yan méjì fún akọni kọ̀ọ̀kan kí o sì rọ́ ọ síbẹ̀. Ohun tí Àbíkẹ́ sọ nípa Gon náà nìyí.

Ẹ̀kẹrin ni pé wọ́n á kó ewé ìwòsàn àti omi idán pamọ́ di ọjọ́ ìkẹyìn, wọ́n á wá kú tòun ti àpò tó kún. Ọ̀gá níwájú rẹ ni ọjọ́ ìkẹyìn. Lò ó.

Ṣùgbọ́n má rò pé géèmù kò mọ ohun tó wà nínú ọkàn ánímè. Ó mọ̀ ọ́n, ó kàn ń díwọ̀n rẹ̀ ni. Nínú Final Fantasy VII, ti 1997, ìlà Limit ń kún bí wọ́n ṣe ń lu akọni. Bí ìyà bá ṣe pọ̀ tó ni ó ń yára kún, nígbà tó bá kún, ìkọlù ńlá á jáde. Ìyẹn ni akọni tí wọ́n lù bolẹ̀ tó sì dìde! Ìlà náà kì í dín kù láàárín ìjà kan sí òmíràn, nítorí náà o lè kún un lára àwọn ọ̀tá kéékèèké kí o tó wọlé bá ọ̀gá. Ibi tó ń bàjẹ́ rèé: nígbà tó bá ti kún, àṣẹ Attack á di Limit. Bí o bá tẹ̀ ẹ́, ó ti lọ lórí ẹranko lásán. Lo ọfọ̀ tàbí ohun àpò títí o ó fi dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá. Ohun kan wà tí ń jẹ́ Hyper, ó ń mú ìlà náà yára kún, ṣùgbọ́n ó ń mú kí ìlù rẹ máa tàsé.

Bó bá sì ṣẹlẹ̀ pé ọ̀gá pa yín, nínú Dragon Quest, ìdajì owó ni o máa pàdánù, ìrírí rẹ ṣì wà lódindi. Lẹ́fẹ́ẹ̀lì kì í lọ sẹ́yìn. Fi owó rẹ pamọ́ sí báǹkì inú géèmù kó o tó wọ ihò, ikú ò ní rí nǹkan púpọ̀ mú.

ỌmọÌsánlú

Bọ̀dá Ẹ̀gbẹ̀, ẹ ṣeun gan-an. Ẹ̀yin Àbíkẹ́, ọ̀rọ̀ èèwọ̀ yẹn là mí lójú. Ó ku méjì. Báwo ni èèyàn ṣe ń mọ̀ pé lẹ́fẹ́ẹ̀lì òun ti tó láti lọ bá ọ̀gá? Èwo ni ká gbé sórí fóònù bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń lọ tó ń bọ̀, tí iná kò sì dúró?

Bọ̀dá_Ẹ̀gbẹ̀

Lẹ́fẹ́ẹ̀lì: bá ẹgbẹ́ ọ̀tá mẹ́ta jà ní àyíká ibi tí ọ̀gá wà gan-an, láìwo ẹnikẹ́ni sàn láàárín. Bí gbogbo yín bá ṣì wà láàyè, tí MP Angelo kò sì tíì dín sí ìdajì, wọlé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, padà sẹ́yìn kí o wá ẹ̀dá kan tí ń jẹ́ Metal Slime. HP rẹ̀ kéré, awọ rẹ̀ le bí irin, ó sì máa ń sá lọ kó o tó kà á dé mẹ́ta, ṣùgbọ́n ìrírí tó wà lára ọ̀kan ju ti ọ̀pọ̀ ẹranko lásán lọ. Nínú Dragon Quest àkọ́kọ́ lórí Famicom, ìrírí 7 ni lẹ́fẹ́ẹ̀lì 2 ń gbà, Slime lásán sì ń fún ọ ní 1. Méje ni o máa pa. Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí wákàtí kan bá ti kọjá tí lẹ́fẹ́ẹ̀lì kò gòkè, ibẹ̀ ti kéré jù fún ọ, lọ síwájú.

Àbíkẹ́_Mọ̀pà

Ti fóònù: bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń ṣe ségesège, fi Genshin sílẹ̀, kò ní ṣí láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, àyè tó sì ń gbà lórí fóònù ju gígábáìtì 20 lọ. Chrono Trigger ni kó o fi bẹ̀rẹ̀. Ní 1995 ló kọ́kọ́ jáde, Horii, Toriyama àti Hironobu Sakaguchi tó dá Final Fantasy sílẹ̀ ló jọ wà nídìí rẹ̀. Kò gba àyè púpọ̀, ìjà inú rẹ̀ sì kún fún ìkọlù àjùmọ̀ṣe, ẹni méjì tàbí mẹ́ta á da ọgbọ́n wọn pọ̀ di ọ̀kan bí inú ánímè gẹ́lẹ́.

Bí o bá ti da dísìkì géèmù PSP (ẹ̀rọ géèmù àfọwọ́mú ti Sony) rẹ kọ sí fáìlì, PPSSPP, áàpù tí ń ṣe bíi PSP, á gbé e lórí fóònù lọ́fẹ̀ẹ́. Crisis Core dára níbẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ ìjà tó ń yára. Bí fóònù kò bá lágbára, fi ìwọ̀n àwòrán sí 1x, má ṣe gbé e lọ sí 2x. Nínú ètò àwòrán PPSSPP, lo Vulkan, bí àwòrán bá ń já tàbí tó dúdú, yí i sí OpenGL.

Ti iná ni kó o fi ọwọ́ pàtàkì mú. Ọ̀nà méjì ni PPSSPP fi ń tọ́jú eré: èyí tí géèmù fúnra rẹ̀ ń kọ, àti èyí tí PPSSPP ń yà bí fọ́tò ní ibikíbi tí o bá wà. Fọ́tò yẹn yára, ṣùgbọ́n bí o bá gbé ẹ̀dà tuntun PPSSPP wọlé, ó lè kọ̀ láti ṣí. Má fi í ṣe ìfọ̀kànbalẹ̀. Sééfù nínú géèmù fúnra rẹ̀, lójú méjì ó kéré tán, kí o máa pààrọ̀ wọn. Bí fóònù bá kú níbi tó ti ń kọ ti òní, ti àná á ṣì wà. Lẹ́yìn náà, lọ sínú fódà PSP, ṣí SAVEDATA, kí o da gbogbo rẹ̀ kọ sórí káàdì tàbí fóònù mìíràn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bí bátìrì bá ti dé 15%, má ṣe wọlé bá ọ̀gá rárá.